Ìda Lójú Oòrùn

Nígbà tí Bàbá Dígí gbé àkísà kúrò lára ọkọ̀ náà, pupa ni ó bá lójú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ kò dùn ún. Kì í ṣe ìdọ̀tí, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọṣẹ àti omi fọ ọkọ̀ náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ gan-an ni. Ó wá jẹ́ pé láti ìgbà tó ti ń fọwọ́ pa á, ńṣe ló ń bó ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń bó ọsàn.

Ó yára wo ojú fèrèsé. Ọmọ náà ṣì ń sùn nínú àga ọlọ́wọ́ ní pálọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bàtà iṣẹ́ funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ òru ló ti bọ́ ní aago méje àárọ̀, ó wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì gbáko, ó sì dé ilé bàbá rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́rin rèé tí ó ti tẹ ẹnu ọ̀nà yìí gbẹ̀yìn.

"Ìwé ìbí mi ni mo wá mú, Bàbá," ló wí nígbà tó kí bàbá rẹ̀ tán. "Wọ́n ń béèrè rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́rin ààbọ̀ mo máa lọ, mo tún ní iṣẹ́ lálẹ́ òní."

Ìwé náà ti wà nínú báàgì rẹ̀ báyìí. Òun ni ohun ìkẹyìn tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ilé yẹn. Bí ó bá ti gbé e lọ, kò sí ohun tí yóò tún máa fà á padà wá mọ́, àfi bí bàbá rẹ̀ bá lè la ẹnu sọ ohun kan tí ó ti gbé pamọ́ láti ọdún mẹ́rin wá.

Ọ̀rọ̀ náà kò tiẹ̀ gùn. Ọjọ́ Ajé ni àìsàn dá ìyá ọmọ náà dùbúlẹ̀. "Bá mi pe ọmọ yẹn," ni obìnrin náà wí. Ṣùgbọ́n tábìlì ńlá kan àti àga mẹ́jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù pólíìṣì rẹ̀, fáníìṣì wọn ku ọwọ́ kan, Bàbá Dígí sì rò pé ibà lásán ni. Ó ní bí òun bá ti parí iṣẹ́, òun yóò pè é. Ọjọ́bọ̀ ló parí, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà ló pè. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni ọmọ béèrè lórí fóònù. "Àná," ni bàbá dá a lóhùn. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ dé, wọ́n sì ti fi aṣọ bo ìyá rẹ̀ lójú.

Ibi ìsìnkú ni ó ti wá bàjẹ́ pátápátá. Lójú ẹbí, lójú ará, Bàbá Dígí nàka sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wo nọ́ọ̀sì! Ìyá oníyàá ló ń tọ́jú, tirẹ̀ kú kó tó dé." Ẹ̀bi ló ń jó o nínú, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e fún, ọmọ yìí ló sì dúró sí tòsí jù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ títí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń pólíìṣì àga àti tábìlì. Dídán iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bàbá Dígí. Wọ́n ní obìnrin kan wà tó gbé dígí ilé rẹ̀ jù sí ààtàn lẹ́yìn tí bàbá bá a ṣe tábìlì rẹ̀, pé kí ni òun tún fẹ́ máa fi dígí ṣe. Irọ́ ni o, ṣùgbọ́n bàbá kò fìgbà kan já wọn nírọ́. Ọkọ̀ nìkan ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ni òun ń gùn, kẹ̀kẹ́ náà sì ti dípẹtà.

Ìgbà tó ń bá ọmọ gbé ẹrù láti inú búùtù ní àárọ̀ ló rí agolo méjì nínú ọ̀rá kan.

"Kí nìwọ̀nyí?"

"Pólíìṣì àti ìda, Bàbá. Ti ọkọ̀ ni. Láti oṣù mẹ́fà ni mo ti rà wọ́n, mi ò tíì ráyè. Mi ò tiẹ̀ ṣe é rí." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara aláìsàn gbóná. "Ẹ wo bó ṣe ṣú. Oòrùn ọsibítù ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òun sì ni nǹkan ńlá àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà."

Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ sùn. Bàbá Dígí dúró ti ọkọ̀ náà. Ó gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ó tò ó síbí, ó tú ká. Ó tò ó sọ́hùn-ún, ó tún tú ká. Níkẹyìn, ó wo agolo méjèèjì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní ó kéré tán, èyí ni ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí nìyẹn tí ó fi wà níbẹ̀ báyìí, tí àkísà pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń já. Ṣùgbọ́n ó rántí pé igi pàápàá kì í ṣàdédé dán. Sáńpépà ni yóò kọ́kọ́ họ ojú àtijọ́ kúrò, eruku rẹ̀ a sì bo gbogbo ọwọ́. Ó mú aṣọ tó mọ́, ó nu ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó bá rí i. Lábẹ́ ṣíṣú yẹn, pupa kan wà tó jinlẹ̀, tó tutù, ìkùukùu kékeré kan sì ń kọjá lọ nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Èyí tó ti kú ló ń bọ́," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe igi ló kọ́kọ́ ń ṣe é, gbọọrọ, gbọọrọ. Igi ní iṣan, ẹni tó bá sì pólíìṣì lòdì sí iṣan igi, ojú yóò tì í lọ́jọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n irin kò ní iṣan. Bàbá wá a títí, kò rí i. Láìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, róbótó, róbótó, pólíìṣì díẹ̀, ibi kékeré, nu ún kúrò, ó di ẹ̀gbẹ́ kejì. Oòrùn ṣì wà lẹ́yìn ilé, òjìji ògiri sì bo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ní ilé tó wà lẹ́yìn ògiri, ó ń dúró, ó tún ń dún. Ìgbà tó yá, ọwọ́ Bàbá Dígí àti mímí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pọ̀. Bí ọmọ bá mí sínú, ọwọ́ a lọ. Bí ó bá mí síta, ọwọ́ a bọ̀. Bàbá kò mọ̀ bóyá òun ń rò ó ni tàbí bẹ́ẹ̀ ló rí. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbàlá hàn án, kànga, okùn aṣọ, ẹsẹ̀ tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó ń wò ó, ó sì ń rò pé bóyá ilé mìíràn wà níbẹ̀, tí ẹnìkan ti pe ọmọ lọ́jọ́ Ajé, tí ìyá rẹ̀ sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó sún mọ́ tòsí, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

"Bàbá Dígí!" Ìyá Télọ̀ ni, ó ti yọ orí lókè ògiri, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ ti fi tábìlì sílẹ̀ fún mọ́tò?"

"Ọmọ mi ló ni ín."

"Mo rí i nígbà tó ń wọlé. Ó ti rù." Obìnrin náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sùn."

"Àwa náà mọ̀ pé ó ń sùn, Bàbá. Ẹni tó bá sùn, ó máa jí."

Orí rẹ̀ wọlẹ̀, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí aago méjìlá, agolo àkọ́kọ́ ti tán, ọkọ̀ náà sì dán débi pé bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un. Ká ní ibẹ̀ ló fi iṣẹ́ mọ ni, ìbá dára. Ṣùgbọ́n inú tó dùn kì í mọ ibi ìdúró. Ó ṣí agolo kejì, ìda ni, ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn náà sì bá a mu bí òórùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní háà, èyí gan-an ni iṣẹ́ òun. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn agolo náà kò kàn án. Ta ni yóò kọ́ Bàbá Dígí bí wọ́n ṣe ń lo ìda?

Ó sì lò ó bó ṣe ń lò ó lára tábìlì. Ó bu ú nípọn, ó pa gbogbo ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé orí òrùlé dé ẹ̀yìn búùtù. Oòrùn ti gun òkè ilé wá báyìí, ó dojú kọ ọkọ̀ náà tààrà. Inú bàbá tún dùn sí ìyẹn. Oòrùn ni ọ̀rẹ́ ìda lára igi, òun ló ń jẹ́ kí igi mu ún. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa mu ìda rẹ̀, ó gbé àpótí sábẹ́ ìbòòji ògiri, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló rí nínú ọkọ̀ náà, ní àga iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Aṣọ ilé ló wọ̀. Ó ń wo iwájú, bí ẹni tó ti múra tán tí ẹni tí yóò gbé e kò tíì jáde. Bàbá Dígí fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún un, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Obìnrin náà yí ojú sí i. Kò bínú. Ohùn tó fi ń béèrè bóyá ó ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló fi béèrè pé, "Ṣé o ti pè é?"

Ó ta jí. Oòrùn ti kọjá àtàrí. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ti di funfun.

Ó dìde fìrì. Ó mú aṣọ, ó nu ún. Kò kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó nu ún tagbáratagbára, aṣọ náà gbá mọ́ ọn, ó ń dún hùn-ún. Ó da omi sí i, omi náà kóra jọ ní róbótó, ó yí wálẹ̀ bí ẹni pé kò bá nǹkan kan pàdé lọ́nà. Ó fi èékánná họ ọ́ níbì kan, ẹ̀rù bà á, ó jáwọ́. Ìda ti yan mọ́ irin gbígbóná. Igi ní ẹnu tó fi ń mu ìda. Irin kò ní. Ó jọ ohun tí ọmọdé yóò mọ̀, ṣùgbọ́n òun, arúgbó tó gbó sẹ́nu iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n.

"Bàbá Dígí," ni Ìyá Télọ̀ pè láti òkè ògiri, "ṣé ẹ wá ń kùn ún ní ọ̀dà funfun ni? Èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò dáa?"

"Ìyá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ránṣọ."

"Mò ń lọ, mò ń lọ." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń ta á lẹ́nu bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó padà sórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ti gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó ti gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹbí, ó tún wá ba nǹkan tó fi owó ara rẹ̀ rà jẹ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ló kù tí ọmọ yóò fi lọ, kò sì tíì gbọ́ ohun gidi kan láti ẹnu bàbá rẹ̀ ju "káàbọ̀" àti "sùn dáadáa."

Ìgbà tó gbé ojú sókè, ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ rún lápá kan, ìlà àga sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó tún wo ọkọ̀.

"Bàbá. Kí ni ẹ fi pa á?"

"Ìda rẹ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀ nínú agolo."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Dígí rò pé ẹkún ni, ó ti fẹ́ dìde. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí tó fi ní láti di òpó mú, ó ń nàka sí ọkọ̀, kò lè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni, tí ń gbọ̀n láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Ṣé ẹ ò ka ẹ̀yìn agolo ni?"

"Bàbá Dígí ni mí," ló dáhùn. Ó fẹ́ kó dà bí àwàdà, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbè é.

Ọmọ náà mú agolo, ó ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ìbòòji ni kí a ti ṣe é, kí irin tutù. Kí a bu díẹ̀, kí ó fẹ́lẹ́. Ibì kan lẹ́ẹ̀kan. Kí a fi ìka kan ra á wò. Bí ó bá ti kúrò nílẹ̀ láìfi àbàwọ́n sílẹ̀, kí a nù ún, kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá kà, á wo bàbá rẹ̀, bàbá á sì wo ibòmíràn.

"Tó bá wá ti gbẹ jù ńkọ́?" ni bàbá béèrè.

Ọmọ náà yí agolo, ó wá a nínú lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀. "Ó ní kí a fi tuntun lé e. Tuntun ló máa rọ èyí tó ti gan. Kí a tètè nu méjèèjì papọ̀."

Ó wa ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ògiri ti ṣíji bò ó. Wọ́n dúró kí irin tutù, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì mú aṣọ. Bàbá lọ kó àkísà tirẹ̀ jáde láti ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó rọ̀ tó fi ń nu iṣẹ́ tó bá parí, ẹ̀kún àpò kan gbáko.

"Ibo ni ẹ ti rí gbogbo èyí?"

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

"Lónìí, òótọ́ ni," lọ́mọ wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ń bu ìda tuntun tó kéré bí ẹ̀kún èékánná, ó ń fi í yí lórí funfun náà, róbótó, róbótó. Funfun á rọ̀, á ṣú, bàbá á sì nù ún kúrò kíá, á yí aṣọ sí ojú tó mọ́, á tún nù ún. Pupa á yọ. Wọ́n á sún síwájú. Ní ìgbà kan, ọmọ fi ọ̀rá tó fi kó agolo bo ọwọ́, ó fi pa ojú irin náà, ó ní kí bàbá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá fi ọ̀rá náà bo ọwọ́. Èérún ìda tí ìka lásán kò mọ̀ ń ta á lọ́wọ́ bí iyanrìn.

"Ta ló kọ́ ọ lèyí?"

"Ìwé ẹ̀yìn agolo náà ni."

"Ogójì ọdún," ni Bàbá Dígí wí, ó ń mi orí. "Ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi."

Àgbàlá náà dákẹ́. Ẹ̀rọ Ìyá Télọ̀ ti dáwọ́ dúró, bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń gbọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń rọ̀, afẹ́fẹ́ kò jà, ohun kan ṣoṣo tó ń dún ni aṣọ lórí irin. Wọ́n dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Bàbá Dígí kò lè gbé ojú rẹ̀ sókè. Nínú pupa tó ń dán níwájú rẹ̀ ló ti rí ojú ọmọ náà, ó dorí kodò, ó rẹ̀, ó tẹjú mọ́ iṣẹ́. Èyí nìkan ló lè wò.

"Ọjọ́ Ajé ni," ló wí.

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ọjọ́ Ajé ni àìsàn ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe Ọjọ́rú bí mo ṣe sọ fún ọ. Ọjọ́ Ajé ló ní kí n pè ọ́. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n parí rẹ̀ ná."

Nínú pupa náà, ọwọ́ ọmọ dúró.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìsìnkú, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́ sí. O ò pẹ́. Èmi ni mo pẹ́. Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ìgbà tí ọmọ náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wá jẹ́ẹ́.

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Tábìlì kan. Àga mẹ́jọ."

"Ta ló ni ín?"

"Ọkùnrin kan ni. Kò tiẹ̀ wá gbé e títí oṣù yẹn fi parí."

Ọmọ náà gbé aṣọ kalẹ̀. Ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́jú. Ó bọ́jú títí, ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀. Bàbá Dígí kò tẹ̀ lé e. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tí ènìyàn yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí ó bá ti bá a tán. Ó dúró gbagidi. Ó ń dúró de ìró kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Omi dáwọ́ dúró. Ọmọ náà padà wá, ojú rẹ̀ tutù, ó sì pọ́n.

"Mo dúró ra epo lọ́nà lóru ọjọ́ yẹn," ló wí. "Mo sì ti kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ aṣọ. Gbogbo ìgbà tí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ wa, mo máa ń tún un rò: ká ní mi ò ra epo, ká ní mi ò pààrọ̀ aṣọ. Ọdún mẹ́rin, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

"Mi ò mọ̀," ni bàbá gbà.

"Inú ń bí mi sí yín gan-an."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Kò tíì tán rárá. Mo kàn ń sọ fún yín ni." Ó mú aṣọ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá. "Ẹ nu ibẹ̀ yẹn, Bàbá, ó ti fẹ́ gbẹ."

Bàbá Dígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nù ún. Omi kan já bọ́ láti ojú rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nítorí ìda tó wà lára irin, kò tàn ká. Ó jókòó síbẹ̀ ní róbótó, ó ń tàn. Ọmọ náà na ọwọ́ láti apá kejì, ó fi aṣọ rẹ̀ gbá a nù, láìsọ nǹkan kan, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, gbogbo ara ọkọ̀ náà ti pọ́n yòò, àfi òrùlé. Òrùlé ṣì funfun láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìda agolo sì ti tán. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó dúró, ó wo iṣẹ́ wọn.

"Ṣé ojú ò ní tì ọ́ níbi iṣẹ́?" ni bàbá béèrè. "Ó dà bí ẹni dé fìlà."

"Màá ní fìlà ló dé." Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú, kò sì tíì lọ. Níkẹyìn ó yí gíláàsì wálẹ̀.

"Àgbàlá yìí, ìgbà wo ni oòrùn kì í tíì dé ibẹ̀?"

"Àárọ̀," ni bàbá wí. "Irin máa ń tutù jù lọ kó tó di aago mẹ́jọ."

"Aago mẹ́jọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa," lọ́mọ wí. Kò sọ ohun tó dáa. "Màá ra ìda mìíràn."

Ó wa ọkọ̀ jáde. Bàbá Dígí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo fìlà funfun náà títí ó fi kọ́ igun ọ̀nà. Ìyá Télọ̀ yọ orí lókè ògiri, ó la ẹnu, ó wo ojú bàbá, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀: ó pa ẹnu dé, ó sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá wọlé. Ó jókòó sínú àga tí ọmọ ti sùn. Ó ń ro ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, ó ń yí i wò. Aago mẹ́jọ. Aago méje ni ọmọ ń bọ́ níbi iṣẹ́ òru. Wákàtí méjì ni ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án ló dé lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró lọ́nà. Ó tún un kà lórí ìka. Kò sí bó ṣe lè kà á tí ọmọ yóò fi dé kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, àfi kó jẹ́ pé ó ti wà ńlé láti àná rẹ̀. Àfi kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló sùn.

Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà. Pákó ló kún orí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbèrí dé ìgbẹ̀yìn ẹsẹ̀, pákó àti ẹsẹ̀ àga àti agolo fáníìṣì tó ti ṣófo, ẹrù ọdún mẹ́rin. Ọmọ ti rí i ní àárọ̀ nìyẹn, tí ó fi pa ilẹ̀kùn dé tí ó lọ sùn sínú àga. Bàbá Dígí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gbé pákó àkọ́kọ́, ó wúwo ju bó ṣe rò lọ, ó sì gbé e jáde síta.